Òkèlè Ọ̀sán Gangan

Aago méjìlá ọ̀sán ti kọjá díẹ̀ nígbà tí mo fi kẹ̀kẹ́ mi ti ògiri búkà kan ní Ìmẹ̀kọ, tí mo wọlé, tí mo sì ní kí ìyá olóúnjẹ bá mi bu láfún. Oṣù kẹta ọdún ni, oòrùn sì mú débi pé ajá pàápàá ti wọ abẹ́ bẹ́ǹṣì lọ. Ìyá náà kò ṣí ìkòkò. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀: akoto tí mo há sí abíyá, ẹ̀wù tó lẹ̀ mọ́ mi lára, ìbọ̀sẹ̀ funfun tí eruku ti sọ di pupa. Ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ ti dé ibi tí ẹ̀ ń lọ ni?" Mo ní rárá, ó ku bí ìrìn wákàtí mẹ́ta. Ó ní, "Ẹ ṣì máa gun nǹkan yìí nínú oòrùn yìí, òkèlè lẹ wá fẹ́ gbé sínú? Ẹ jẹ́ n bomi tútù sí gàrí fún yín. Tó bá dalẹ́, níbi tẹ́ ẹ bá sùn sí, ẹ ní kí wọ́n ro láfún fún yín."

Ọ̀rọ̀ náà bí mi nínú. Èmi ọmọ Ẹ̀gbá, ọmọ Líṣàbi, tó jẹ́ pé láfún ni wọ́n fi wò mí dàgbà, ni wọ́n ń kọ́ ní ìgbà tí mo lè jẹ ẹ́! Mo ní kó bù ú wá. Ó bù ú, ó da ewédú lé e, ó fi ẹran méjì sí i, kò sì sọ̀rọ̀ mọ́. Kìlómítà mẹ́wàá kò tíì pé lẹ́yìn ìyẹn tí mo fi na gbalaja sábẹ́ igi máńgòrò kan. Inú mi le bí awọ ìlù, orí ń fọ́ mi, òkè kékeré kan tí ọmọ iléèwé lè gùn wà níwájú, n kò sì lè dìde lọ bá a. Ó ti tó ọdún méjìlá tí mo ti ń fi kẹ̀kẹ́ ológeere rìnrìn-àjò nígbà náà. Mo rò pé mo ti mọ̀ ọ́n tán.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti dẹ́kun àtimáa béèrè "Kí lẹ ní?" nílé oúnjẹ tí n kò dé rí. Ohun tí mo ń béèrè ni, "Kí lẹ̀yin fúnra yín máa ń jẹ nírú àkókò yìí?" Ìbéèrè àkọ́kọ́ ń wá ohun tó wà nínú ìkòkò. Èkejì ń wá ohun tí àwọn ará ibẹ̀ ti mọ̀ nípa oòrùn tiwọn kí wọ́n tó bí ẹni tó ń béèrè.

Ẹ wo bí àgbẹ̀ ilẹ̀ wa ṣe ń jẹun. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ògì gbígbóná tàbí ẹ̀kọ, pẹ̀lú àkàrà bí ó bá rí i. Lóko, nígbà tí oòrùn bá kan àtàrí, iṣu sísun pẹ̀lú epo, tàbí gàrí tí a bomi sí. Òkèlè di ìrọ̀lẹ́, nígbà tó bá ti wẹ̀, tí ọkọ́ ti wà ní kọ̀rọ̀. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo rò pé àìráyè ló fà á, pé kò sẹ́ni tó máa ro ọkà sínú oko. Àìráyè wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kan náà ni ikùn ń fẹ́ kó tó lè da òkèlè, òun náà ni awọ ara ń fẹ́ kó tó lè tú ooru dànù, òun náà sì ni itan ń fẹ́ kó tó lè tẹ pẹ́dà. Bí àwọn mẹ́ta bá ń fa aṣọ kan, yóò ya. Ẹni tó jókòó sábẹ́ fáànù ní ọ́fíìsì ìjọba ní Òkè-Mọ́sàn lè jẹ ìwọ̀n òkèlè tó bá wù ú ní aago kan ọ̀sán. Oorun ni yóò kàn kùn ún. Ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́, àgbẹ̀ ni kó wò ṣe.

Ní ìparí oṣù kejì ọdún 2018, ọdún kan àti ààbọ̀ ṣáájú kí ìjọba Nàìjíríà tó ti ẹnubodè orí ilẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù wá bá mi ní Abẹ́òkúta. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ le bí irin, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì fúyẹ́ débi pé ọwọ́ kan ni mo fi gbé e. Ó fẹ́ kí a jọ gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí wọ́n sọ fún un pé ìyá bàbá rẹ̀ àgbà ti wá. Ó ti ṣètò ìrìn náà sórí fóònù: ọjọ́ méjì péré. Ó sì kó oúnjẹ tirẹ̀ dání, àwọn ọ̀rá wẹ́wẹ́ tí ohun dídùn kan tó ki bí oyin wà nínú wọn, irú èyí tí àwọn eléré kẹ̀kẹ́ ìlú Òyìnbó máa ń fà mu lórí ìrìn. Mo kà wọ́n, wọ́n lé ní ogójì. Mo bi í bóyá yóò jẹ wọ́n ni àbí yóò máa tà wọ́n fún wa.

Mo sọ fún un pé a ó kọ́kọ́ dúró fún ọjọ́ mẹ́wàá.

"Ọ́ńkù, mo máa ń gun ọgọ́rùn-ún kìlómítà lọ́jọ́ kan ṣoṣo nílé."

"Mo gbà," ni mo wí. "Nílé."

Ara tó bá já sínú ooru tuntun kì í gbọ́ àwíjàre. Ó ń fẹ́ nǹkan bí ọjọ́ méje sí mẹ́rìnlá kó tó tún ara rẹ̀ tò. Omi inú ẹ̀jẹ̀ yóò pọ̀ sí i, òógùn yóò máa tètè jáde, iyọ̀ inú òógùn náà yóò dín kù, àyà kò sì ní máa lù kìkì mọ́ lórí òkè tí kò tó nǹkan. Ẹni tó bá fi gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn jókòó sínú yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù wà, kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá sì ti ọjọ́ àkọ́kọ́ gun kẹ̀kẹ́ fún wákàtí márùn-ún, ó ń fi ara rẹ̀ wá ilé ìwòsàn. Wákàtí kan sí wákàtí kan àbọ̀ lójúmọ́, nínú ooru gan-an, ni ara fi ń kọ́ ọ. Bí onítọ̀hún bá sì padà sínú òtútù, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan ara á ti gbàgbé gbogbo rẹ̀, yóò tún wá kọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni.

Abẹ́òkúta dára fún irú ẹ̀kọ́ yìí. Ìlú tí kì í tẹ́jú ni. Láti Kútọ̀ sí Sàpọ́n, láti Sàpọ́n gba Ìtòkú lọ sí Aké, gbogbo rẹ̀ gòkè sọ̀ ni. Àpáta tún wà níbẹ̀. Ìgbà tí oòrùn bá ti wọ̀, tí ó yẹ kí atẹ́gùn tútù bẹ̀rẹ̀, ni òkúta yóò máa tú gbogbo ooru tó ti gbà mọ́ra láti àárọ̀ síta. Ní oṣù kejì sí ìkẹta, tí ènìyàn bá gbé ọwọ́ lé àpáta ẹ̀yìnkùlé wa ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, yóò gbóná bí abọ́ ọbẹ̀. Òkúta tí àwọn baba wa sá sí abẹ́ rẹ̀ ní 1830 náà ló ń yan wá báyìí. Ọmọ náà ń bọ́ ẹ̀wù sọnù, ó ń yí kiri orí ẹní, kò rí oorun sùn fún òru mẹ́ta. Ní òru kẹrin ó hanrun.

Oúnjẹ ńkọ́? Láfún kọ́kọ́ lé e sá. Ó ní ó ń rùn. Kò purọ́. Pákí tí a rẹ sínú omi fún ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún títí ó fi rọ̀, tí a wá sá, tí a gún, kò lè máa ta sánsán bí ìrẹsì tí ó ti òkè òkun wá. Mo sọ fún un pé ìrẹ yẹn ló ń lé májèlé inú pákí jáde, pé láfún tí kò bá rùn rárá ni èmi máa fura sí. Ó wò mí bí ẹni pé mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ tà á ní ọjà tí kò yá. Ọjọ́ kẹfà ló tó tọ́ ọ wò, lẹ́yìn tí a ti gun kẹ̀kẹ́ dé láti ọ̀nà Ọbáńtòkó, tí ebi ti kọ́ ọ ní ọgbọ́n tí èmi kò lè kọ́ ọ.

Ìrẹsì Ọ̀fàdà ló fẹ́ràn lójú ẹsẹ̀, bí ata rẹ̀ tilẹ̀ mú un sunkún. Obìnrin tó ń tà á lẹ́bàá ọ̀nà dì í sínú ewé, ó da ọbẹ̀ ata tútù tí wọ́n fi epo díndín sè lé e, irú ń ta sánsán nínú rẹ̀, ẹran àti pọ̀nmọ́ wẹ́wẹ́ ń bẹ nínú rẹ̀. Ó jẹ méjì. Ó fẹ́ kí a máa jẹ ẹ́ lójoojúmọ́ títí a ó fi dé Kétu. Ibẹ̀ ni mo ti dá a dúró. Ìrẹsì Ọ̀fàdà kì í ṣe ìrẹsì tí wọ́n bó funfun. Èèpo rẹ̀ pọ̀ lára rẹ̀, ikùn tí kò mọ̀ ọ́n yóò máa bá a ṣiṣẹ́ títí di ọjọ́ kejì. Oúnjẹ ìsinmi ni. Òfin kan ṣoṣo tí n kì í yẹ̀ nìyí: a kì í jẹ oúnjẹ tuntun fún ìgbà àkọ́kọ́ ní alẹ́ tí a fẹ́ gbéra. Ohun tí ènìyàn kò bá jẹ rí, kó jẹ ẹ́ ní ọjọ́ tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀ kò jìnnà.

Nígbà tí mo bá ń sọ irú nǹkan wọ̀nyí, mo máa ń rántí Ọlábísí Àjàlá. Gbogbo wa mọ Àjàlá tó gun alùpùpù yí ayé ká, tí Ebenezer Obey dárúkọ nínú orin, tí a fi ń pe ẹnikẹ́ni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í gbélé. Kì í ṣe gbogbo wa ló rántí pé kẹ̀kẹ́ ológeere ló fi bẹ̀rẹ̀. Ní 1952, nígbà tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Amẹ́ríkà, ó gun kẹ̀kẹ́ láti Chicago dé Los Angeles, ìrìn tó lé ní máìlì 2,000, nínú ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn, kọjá lórí aṣálẹ̀. Ìwé tó kọ nípa ìrìn àjò rẹ̀ jáde ní 1963, àwọn ọba àti àwọn olórí ìjọba sì pọ̀ nínú ìtàn rẹ̀. Ká ní mo bá a pàdé kó tó kú ní 1999, n kò ní béèrè ọba kankan lọ́wọ́ rẹ̀. Màá bi í léèrè ohun tó jẹ ní àárọ̀ ọjọ́ tó fẹ́ wọ inú aṣálẹ̀ yẹn, àti ẹni tó sọ fún un pé kó jẹ ẹ́.

A gbéra ní ọjọ́ kọkànlá. Aago márùn-ún àbọ̀ ìdájí ni a kọjá lórí afárá Láfẹ́nwá, tí odò Ògùn ti fà tí àpáta ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń yọrí. Mo sọ fún ọmọ náà pé apá ibẹ̀ yẹn ni àwọn ọmọ ogun Dàhómì gbà wá, pé ọjọ́ 3 oṣù kẹta ọdún 1851 ni wọ́n dé ẹnu odi Àrò, pé wọ́n tún padà wá ní oṣù kẹta ọdún 1864. Oṣù kẹta lẹ́ẹ̀mejèèjì. Odò ti fà, ó ṣeé là kọjá. Ọ̀nà ti gbẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ rìn láti Àgbómẹ̀, olú ìlú wọn, wá ní oṣù yẹn, òùngbẹ ti bá a jà kí Ẹ̀gbá tó bá a jà. Ọmọ náà ní, "A wá ń gba ọ̀nà wọn padà ní oṣù kan náà?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ pé àwa máa sùn lọ́sàn-án.

Bí a ṣe ṣe é nìyẹn. Ìdájí sí aago mẹ́wàá, a ó gun. Aago mẹ́wàá sí mẹ́rin, a ó wà lábẹ́ igi, lábẹ́ àtíbàbà fọlikanáísà, ní ìloro ilé ẹni tó bá gbà wá. Aago mẹ́rin sí ìgbà tí oòrùn bá wọ̀, a ó tún gun. Ayétòrò jìnnà sí Abẹ́òkúta tó nǹkan bí kìlómítà 35, a sì dé ibẹ̀ kí oòrùn tó mú, a jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà gbígbóná, a sùn sí ìdí igi. Ọmọ náà ní ọ̀lẹ ni wá. Mo ní kó fi mí sílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀lẹ mi.

Láti Ayétòrò lọ, igbó ti ń di ọ̀dàn. Igi ń ṣọ̀wọ́n, koríko ń ga, màlúù àwọn Fúlàní ń kọjá lójú ọ̀nà bí ẹni tó ni ín. Ibẹ̀ ni nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ọmọ tó ti mu omi bí ẹṣin láti àárọ̀ sọ pé òòyì ń kọ́ òun, pé inú ń rìn òun. Mo wo ẹ̀yìn ẹ̀wù rẹ̀ dúdú: iyọ̀ ti ya àwòrán funfun síbẹ̀ bí ilẹ̀ tí wọ́n yà sínú ìwé. Omi kọ́ ló ṣaláìtó. Òógùn ti kó iyọ̀ lọ, omi lásán ló sì ń dà lé ohun tó kù títí ó fi di àṣán. Mo ra omi inú ọ̀rá méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdajì lítà, mo bẹ obìnrin kan tó ń ta tíì kó fún mi ní ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà àti ìdajì ṣíbí iyọ̀, ṣíbí tí a fi ọwọ́ pa ojú rẹ̀ dọ́gba. Mo pò ó pọ̀ mọ́ omi yẹn. Ó mu ún díẹ̀díẹ̀ fún wákàtí kan. Obìnrin náà wò wá, ó ní, "Ṣé omi ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru nìyẹn?" Mo ní òun gan-an ni. Ó rẹ́rìn-ín títí. Ogójì ọ̀rá dídùn tó ti Lọ́ńdọ̀nù wá ń bẹ nínú àpò, ó ti rọ̀ nínú oòrùn, ó ń kán sí ara aṣọ.

Nígbà tó yá tí ojú rẹ̀ wálẹ̀, obìnrin kan náà bu gàrí fún wa, ó da ẹ̀pà lé e, ó wọ́n iyọ̀ díẹ̀ sí i. Ó ní bí àwọn ṣe ń mu ún lóko nìyẹn, pé ṣúgà wà fún àwọn ọmọ iléèwé. N kò fi àlàyé kankan kún un. Omi, iyọ̀, ìyẹ̀fun àti epo ẹ̀pà nínú abọ́ kan, ní aago méjìlá ọ̀sán, ní ibi tó jẹ́ pé bí ènìyàn bá sọ pé òun fẹ́ láfún, wọ́n á kọ́kọ́ bi í bóyá ó ti dé ibi tó ń lọ.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ìdàkejì rẹ̀ pẹ̀lú. Gàrí yìí kan náà ti gbé mi dùbúlẹ̀ rí. Ní abúlé kan tí n kò ní dárúkọ, wọ́n gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n sì bu omi àmù sí gàrí fún mi. Omi náà tutù, ó mọ́ lójú. Ojú ti mí láti béèrè ibi tó ti wá. Ọjọ́ méjì ni mo fi lọ sí igbó bọ̀ láti ilé wọn, àwọn ọmọdé ń kà á. Àwọn ará ilé náà ń mu omi kan náà, ohunkóhun kò ṣe wọ́n, nítorí ikùn tiwọn ti bá a mulẹ̀ tipẹ́. Láti ìgbà náà, ohun tó bá ti orí iná sọ̀ lójú mi, n kì í bẹ̀rù rẹ̀, bí ó ti wù kó ṣàjèjì sí mi tó. Ohun tútù ni mo ń ṣọ́: omi, èso tí ẹlòmíràn bó, ata gígé tí kò kan iná. Bí mo bá fẹ́ mu gàrí, mo máa ń gbé omi tèmi jáde, mo sì máa ń sọ pé dókítà ló ní kí n máa mu ún. Irọ́ kékeré ni, kì í sì í dun ẹnikẹ́ni.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọmọ Lọ́ńdọ̀nù nìkan ni àlejò. Èmi náà ti lọ di òmùgọ̀ ní Jọ́ọ̀sì rí. Oṣù kìíní ni, ọyẹ́ mú, ìlú náà sì ga ju ìwọ̀n mítà 1,200 lọ sórí òkun. Ẹ̀wù kan àti ẹ̀wù òjò ni mo gbé lọ, nítorí lójú ọmọ Abẹ́òkúta, òtútù ni ohun tí fáànù ń fà. Ní òru àkọ́kọ́ eyín mi ń ta bí ọ̀pá ìlù. Ètè mi sán, ó ṣẹ̀jẹ̀. Ohun tó burú jù kọ́ nìyẹn. Nínú ọyẹ́, òógùn máa ń gbẹ kí ènìyàn tó rí i, nítorí náà mo rò pé n kò làágùn, n kò sì mu omi. Nígbà tí mo máa fura, ìtọ̀ mi ti pọ́n bí epo. Atẹ́gùn ọyẹ́ tún ń fẹ́ láti ìhà àríwá ìlà-oòrùn, ojú ni ó fi ń gbá ẹni tó bá ń lọ sókè. Nísinsìnyí tí mo ti gbọ́n, mo máa ń wọ mọ́tò lọ sókè nínú ọyẹ́, kí n tó gun kẹ̀kẹ́ padà wálé. Láti Ìlọrin sí Ògbómọ̀ṣọ́ wá sí Ọ̀yọ́, atẹ́gùn a máa tì mí lẹ́yìn bí ẹni tó ń lé àlejò lọ sílé.

Ní àárọ̀ Jọ́ọ̀sì yẹn, mo ń wá ẹ̀bà. Aago mẹ́fà ààbọ̀! Ọkùnrin tí mo dé sọ́dọ̀ rẹ̀ kàn fà mí lọ́wọ́ lọ sí ìkóríta, níbi tí àwọn ènìyàn ti káwọ́ gbera jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Wọ́n bu kóko fún mi, ó gbóná tó ń ta ahọ́n, atalẹ̀ àti kànáfùrù wà nínú rẹ̀, wọ́n sì fi kósáì tì í. Mo mu ún dé ìdajì kí ojú mi tó là. Ògì ni. Àkàrà ni. Oúnjẹ tí ìyá mi ń rán mi lọ rà ní kùtùkùtù ni mo rìn láti Abẹ́òkúta dé Jọ́ọ̀sì tí n kò dá mọ̀, nítorí pé orúkọ rẹ̀ yí padà, tí wọ́n sì fi atalẹ̀ sí i nítorí òtútù tiwọn.

Kétu tún jẹ́ bẹ́ẹ̀. A wọ ibẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹrin, ọjọ́ méjì ju bí fóònù ṣe sọ. Ọmọ tó ti ń gbáradì láti sọ èdè Faransé gbọ́ tí wọ́n kí i ní Yorùbá tó jinlẹ̀ ju tirẹ̀ lọ, ojú tì í, inú rẹ̀ sì dùn. Wọ́n gbé àkàsà síwájú wa, ó ní òun kò jẹ ẹ́ rí. Mo ní kó tú ewé rẹ̀ wò. Ẹ̀kọ ni. Wọ́n gbé wàrà tí wọ́n fi ewé ọkà bàbà rẹ pupa wá, tí wọ́n dín, tí wọ́n fi ata àti tòmáàtì sí. Èyí jọ ìyàlẹ́nu díẹ̀, nítorí funfun ni a mọ̀ ọ́n sí ní Abẹ́òkúta. Ó jẹ ẹ́, ó tún bu òmíràn. Mo ṣàkíyèsí pé kò béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀ mọ́. Ohun tó bi ìyá àgbà tó gbà wá sílé ni pé, "Ìyá, ṣé alẹ́ lẹ máa ń jẹ èyí, àbí àárọ̀?" Ìyá náà ní alẹ́, lẹ́yìn ọjọ́ ọjà.

Ní òru ọjọ́ kejì, òjò àkọ́rọ̀ dé. Bó ṣe máa ń wá ní àgbègbè wa ló ṣe wá: atẹ́gùn ìlà-oòrùn ló kọ́kọ́ gbá ilẹ̀kùn, eruku dìde, páànù ń lọ gbà-gbà-gbà, òjò wá já lulẹ̀ bí ẹni da ọkà bàbà sínú igbá. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ méjì, ó tutù. Nígbà tó dáwọ́ dúró, èsúnsún jáde, wọ́n bo iná bí èéfín. Àwọn ọmọ ilé sáré gbé abọ́ omi sábẹ́ àtùpà, wọ́n ń pariwo, ọmọ Lọ́ńdọ̀nù sì wà láàárín wọn, ó ṣá sókòtò rẹ̀ sókè, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá èsúnsún sínú omi. Ìyá àgbà gbọn ìyẹ́ wọn dànù, ó dà wọ́n sínú agbada gbígbẹ, ó wọ́n iyọ̀ sí i. Ilé gbogbo ń ta sánsán bí ẹ̀pà yíyan.

Ọmọ náà bu ọwọ́ kan sẹ́nu, ó jẹ ẹ́, ó wá yíjú sí mi. "Ọ́ńkù, ẹ gbà."

Mo sọ fún un pé n kì í jẹ èsúnsún, pé n kò jẹ ẹ́ rí láti kékeré, pé ilẹ̀ ti ṣú.

Ìyá àgbà wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, bí ìyá Ìmẹ̀kọ ṣe wò mí. "Àkókò rẹ̀ nìyí," ló wí, ó sì ti abọ́ náà sún mọ́ mi.